Ewé Wo Ni Ó Lè Gba Awọ Ara Lọ́wọ́ Oòrùn?

  Ọ̀rọ̀ òní kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Ìbéèrè kan wà tí òbí tí ó bá bí ọmọ àfín kì í pẹ́ bèèrè. Ó rí i pé bí ọmọ náà bá ṣeré ní gbangba fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ a pọ́n, a máa ta á, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, awọ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí bó. Ìyá ọmọ a wá tọ ìyá àgbà lọ, a ní, "Ìyá, ewé wo ni kí n fi pa á lára kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ilẹ̀ wa kò ṣaláìní ewé, àwọn baba wa sì mọ iṣẹ́ ewé. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a bá fún ìyá yìí kì í ṣe ohun eré, nítorí pé ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a gbé àwọn ewé àti epo wọ̀nyí yẹ̀ wò lónìí, kí a mọ èyí tí ó ń tu awọ lára, èyí tí ó ń pa á lára, àti èyí tí ó lè dá oòrùn dúró ní tòótọ́. Èyí tí ó lè dá oòrùn dúró wà o, ṣùgbọ́n ibi tí ìyá yẹn ń wò kọ́ ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí a fẹ́ bá jà. Ohun méjì ni gbogbo wa mọ̀ pé oòrùn ń rán sí wa: ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, àti ooru tí ara ń gbọ́. Ẹ̀kẹta wà tí ojú kò rí, tí ara kò sì gbọ́. Ìtànṣán kan ni, tí àwọn òyìnbó ń pè ní ultraviolet. Òun ni ó ń ba awọ jẹ́. Nítorí pé kì í ṣe ooru, ẹni tí ó jókòó sí etí òkun tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lè rò pé oòrùn kò ṣe òun ní nǹkan, kí ó tó délé kí ara rẹ̀ tó máa jó o. Nítorí pé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí, púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa gba inú ìkúùkù kọjá ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ẹ má ṣe fi ooru wọn agbára rẹ̀.

Kí ni ó ń ṣe fún awọ? Ara wa dà bí ilé tí a fi àìmọye bíríkì kéékèèké mọ. Àwọn oníṣègùn ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan bíríkì yìí ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ wà tí ó ń sọ ìgbà tí yóò pín sí méjì àti ìgbà tí yóò dúró. Ìtànṣán tí mo wí yìí a máa ba àṣẹ náà jẹ́. Ara a máa tún púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n bí ìbàjẹ́ bá ń gun orí ìbàjẹ́ lọ́dọọdún, ọjọ́ kan a dé tí sẹ́ẹ̀lì kan a di aláìgbọràn: a máa pín láìdúró, a máa gbilẹ̀, a sì máa jẹ àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ run. Ohun tí a ń pè ní jẹjẹrẹ awọ ara nìyẹn.

Ẹni tí ó ń gbọ́ mi lè wí pé, "Ṣebí inú oòrùn ni àwọn baba wa ti ń ro oko láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ló dé tí jẹjẹrẹ yìí kò fi pa wọ́n tán?" Ìdáhùn wà lára wa. Àwọ̀ dúdú tí a ní kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ohun kan tí ń jẹ́ mẹ́lánìn ni ó ń fún wa ní àwọ̀ náà, agboòrùn ni ó sì jẹ́ fún wa. Nínú sẹ́ẹ̀lì awọ, orí ibi tí àṣẹ wà gan-an ni mẹ́lánìn máa ń ṣíji bò. Nítorí náà ni jẹjẹrẹ tí oòrùn ń fà fi ṣọ̀wọ́n lára ẹni dúdú, tí ó sì pọ̀ lára àwọn òyìnbó, pàápàá àwọn tí ń gbé ní Ọsirélíà níbi tí oòrùn ti mú. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ó ń bóra, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń fa agboòrùn ara rẹ̀ ya.

Síbẹ̀, kí ẹni dúdú má ṣe sọ pé jẹjẹrẹ awọ kò lè kan òun rárá. Irú kan wà tí ó máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ní àtẹ́lẹwọ́ àti lábẹ́ èékánná, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Irú rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ìka ẹsẹ̀ Bob Marley, gbajúgbajà olórin ọmọ Jàmáíkà, òun ni ó sì pa á ní ọdún 1981 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 36. Ìyẹn kì í ṣe ti oòrùn, nítorí náà a ó fi í sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí àmì dúdú kan bá yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ yín tí ó ń tóbi, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ àfín. Àfín ni ẹni tí a bí tí ara rẹ̀ kò lè ṣe mẹ́lánìn tí ó tó. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ti ń wá: kálukú wọn gbé ipa tirẹ̀ sínú ara láìmọ̀, bí méjèèjì bá sì bọ́ sí ara ọmọ kan náà, ọmọ a jẹ́ àfín. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni. Láyé àtijọ́, ẹni òrìṣà ni a ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ nìkan kò lè ṣíji bo awọ.

Ohun mìíràn sì wà tí a máa ń sọ, pé àfín kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀, pé iyọ̀ ni ó ń mú kí àmì dúdúdúdú yọ sí i lára. Iyọ̀ kọ́ o. Oòrùn ni. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo ibi tí àmì náà máa ń wà: ojú, etí, ọrùn, èjìká àti apá. Kí ẹ sì wá wo ibi tí aṣọ máa ń bò. Ibẹ̀ mọ́ kedere. Ṣé iyọ̀ tí ọmọ jẹ mọ ibi tí aṣọ wà ni? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti fi iyọ̀ dù nínú ọbẹ̀ nílé, tí a sì rán lọ tajà nínú oòrùn ọ̀sán gangan. A ń lé eku, ejò sì wà nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí le ju ti àmì dúdú lọ. Ní ọdún 1975, oníṣègùn awọ ara kan, Okoro, tẹ ìwádìí tí ó ṣe nípa àwọn àfín ní Nàìjíríà jáde. Lára àwọn tí ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún nínú àwọn tí ó yẹ̀ wò, kò rí ẹnìkan tí jẹjẹrẹ awọ tàbí àmì tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ kò tíì yọ sí lára. Ẹ rò ó wò: ogún ọdún! Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra ayé ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ń pa wọ́n jẹ́ ohun tí a lè dènà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wá pe àwọn ewé àti epo síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a ń pe ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

Òrí ni a ó kọ́kọ́ pè. Ọ̀rẹ́ awọ ni òrí í ṣe, a kò ní í bà á lórúkọ jẹ́. Ó ń mú kí awọ rọ̀, kì í jẹ́ kí ó sán, awọ àfín tí ó máa ń gbẹ sì nílò rẹ̀. Ní tòótọ́, àwọn èròjà kan wà nínú òrí tí ó lè gbé díẹ̀ mì nínú ìtànṣán oòrùn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Adin àgbọn àti adin èkùrọ́ kò yàtọ̀ sí i. Bí ẹnìkan bá fi òrí pa ara tí ó sì rò pé òun ti di ìhámọ́ra fún oòrùn ọ̀sán, ó dà bí ẹni tí ó fi ọwọ́ bo orí nínú òjò àrọ̀ọ̀dá. Ẹ fi òrí pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀ àti lálẹ́. Ẹ má ṣe fi í rán an lọ sínú oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí osùn bọ́ síwájú. Osùn ni a fi ń kun ọmọ tuntun àti ìyàwó láyé àwọn ìyá wa, ẹwà rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Kíkùn tí a kùn ún lè dí oòrùn díẹ̀ níbi tí ó bá nípọn. Ṣùgbọ́n níbi kan ó nípọn, níbòmíràn ó fẹ́lẹ́, òógùn a sì máa fọ̀ ọ́ kúrò kí ọjọ́ tó kanrí. Ilé tí ojú ihò wà lórí òrùlé rẹ̀ kò gba onílé lọ́wọ́ òjò.

Ẹ̀kẹta ni ewé tí ó nípọn, tí ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ní etí, tí omi yíyọ̀ wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní alóè, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní etí erin. Omi inú rẹ̀ a máa tu ara tí oòrùn ti jó, ara a balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe akíyèsí ọ̀rọ̀ mi: ara tí oòrùn *ti* jó. Àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti bàjẹ́ kò gbọ́ ohùn alóè. Ìrora ni ó ń mú lọ, kì í mú ìbàjẹ́ náà lọ. Ewu sì wà níbẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ara ti tù a tún padà sínú oòrùn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ẹ̀kẹrin, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún jù lọ. Àwọn kan ń fún omi rẹ̀ sínú ìpara, wọ́n ní yóò pa àmì dúdú rẹ́ lójú. Nínú ọsàn wẹ́wẹ́, pàápàá nínú èèpo rẹ̀, ni èròjà kan wà tí ó ń fi ọwọ́ pe oòrùn. Bí ó bá wà lára awọ tí oòrùn sì pa á, awọ náà a jó bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i, a lé ròrò, ojú ibẹ̀ a sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni dúdú pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ se oúnjẹ, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jáde. Ẹ má ṣe fi í pa ara ọmọ.

Ẹ̀karùn-ún ni epo pupa. Ohun tí ó fún epo pupa ní àwọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kárótìn, òun náà ni ó wà nínú kárọ́ọ̀tì. Ní ìgbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé bí ènìyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, yóò gbà á lọ́wọ́ jẹjẹrẹ awọ. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, nítorí náà wọ́n dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 1,805 tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ awọ rí jọ, wọ́n fún apá kan ní kárótìn lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì fún apá kejì ní ògidì ìtàn-jẹ tí kò ní nǹkan nínú. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1990: jẹjẹrẹ tuntun kò dínkù lára àwọn tí ó gbé kárótìn mì. Ní Finland, wọ́n dán an wò lára ọkùnrin 29,133 tí ń mu sìgá, bóyá yóò gba ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tilẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tí ó gbé e mì ni, ní nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ máa fi epo pupa se ọbẹ̀ yín, oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ di oògùn oòrùn.

Ẹ̀rí kan ṣì kù, láti ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti wá, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ewé gbọ́ ọ. Koríko kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Euphorbia peplus. Oje funfun bíi wàrà ni ó ń jáde lára rẹ̀ bí a bá já a. Ní Ọsirélíà, àwọn ènìyàn a máa fi oje yìí kan ojú ibi tí oòrùn ti ba awọ wọn jẹ́, kí ó má bàa di jẹjẹrẹ. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé oje náà lágbára ní tòótọ́, wọ́n yọ èròjà rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ìpara. Ní ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí a máa tà á. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dáwọ́ ìṣọ́ dúró. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí ó lò ó fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì rí i pé jẹjẹrẹ awọ pọ̀ lára wọn ju lára àwọn tí ó lo oògùn mìíràn lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní ilẹ̀ Yúróòpù. Oògùn tí a fẹ́ fi lé jẹjẹrẹ lọ ni ó ku díẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ pè é wọlé.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀? Kì í ṣe pé ewé kò lágbára. Agbára rẹ̀ gan-an ni ó fi yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbé oje igi kan wá fún yín, tí ó ní òun ti rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó wò sàn, ẹ rántí pé jẹjẹrẹ a máa lo ọdún púpọ̀ kí ó tó yọjú. Ẹni tí ó rò pé òun ti wò ó sàn lóṣù yìí lè má sí nítòsí nígbà tí ó bá tún padà.

Àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ tẹnu wọn tán. Ó kù kí n sọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ìpara kan wà tí a ṣe fún dídènà oòrùn. Lára ike rẹ̀, ẹ ó rí SPF àti nọ́ńbà kan. SPF 30 túmọ̀ sí pé nínú ọgbọ̀n ìtànṣán tí ń jó awọ, bí ọ̀kan ṣoṣo ni yóò kọjá, bí a bá fi pa ara dáadáa. Ìlú kékeré kan wà ní Ọsirélíà tí ń jẹ́ Nambour. Láti ọdún 1992 sí 1996, wọ́n dán ìpara yìí wò lára ènìyàn 1,621 níbẹ̀. Apá kan ń fi í pa ara lójoojúmọ́, apá kejì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú oríṣi jẹjẹrẹ awọ, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù lára àfín wa, dínkù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí ń fi í pa ara lójoojúmọ́. Àwọn ará Nambour yìí kan náà ni wọ́n tún fún ní kárótìn, kárótìn kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ìpara bẹ́ẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í pa ojú, etí, ọrùn àti ọwọ́ ọmọ kí ó tó jáde, kí ẹ sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì méjì bí ó bá wà nínú oòrùn. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ wọ́n. Ní Moshi ní ilẹ̀ Tanzania, ní ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú awọ ara, wọ́n ti dá ibi tí wọ́n ti ń po ìpara yìí fún àwọn àfín ìlú wọn sílẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe níbẹ̀ ṣeé ṣe nílẹ̀ wa pẹ̀lú, ó sì yẹ kí àwọn tí ó ní agbára gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí owó ìpara kò gbọdọ̀ kú. Níbí yìí ni mo fẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè ìyá yẹn: "Ewé wo?" Ìdáhùn mi nìyí. Òwú, ẹ̀lú àti ọdán.

Òwú kọ́kọ́. Kò sí oògùn tí a fi ń pa ara tí ó tó aṣọ. Ẹ mú aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ fún ọmọ, ẹ nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, oòrùn náà yóò gbà á kọjá. Bí ojú rẹ̀ bá dí, ó dára. Nítorí náà, aṣọ tí a hun tí ojú rẹ̀ dí, irú kìjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun nílé, sàn ju aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wọ́n lówó lọ. A máa ń fi kìjìpá ṣe yẹ̀yẹ́, a ní aṣọ ọ̀lẹ ni, nítorí pé kì í tètè gbó. Bí ó bá gba ọmọ àfín là, ta ni ó kù tí yóò pè é ní aṣọ ọ̀lẹ? Kí bùbá ọmọ ní apá gígùn, kí sòkòtò rẹ̀ tàbí ìró rẹ̀ kan ọrùn ẹsẹ̀, kí ó tóbi díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ooru má bàa mú un bọ́ ọ.

Ẹ̀lú ni a fi ń ṣe aró. Aṣọ tí a re ní aró máa ń dí oòrùn ju funfun rẹ̀ lọ, nítorí pé àwọ̀ dúdú a máa gbé ìtànṣán mì, gẹ́gẹ́ bí mẹ́lánìn ti ń ṣe lára wa. Ẹ wò ó bí ó ti rí: àwọ̀ tí ara ọmọ náà kò lè ṣe fúnra rẹ̀, aláró lè fi sí i lára aṣọ. Kí ẹ sì fi fìlà lé e lórí. Fìlà abetí-ajá dára nítorí pé a lè fà á bo etí, ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ sàn jù, nítorí pé etí rẹ̀ tí ó fẹ̀ ń ṣíji bo ojú, etí àti ẹ̀yìn ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdán ni ẹ̀kẹta. Àwọn baba wa kò gbin ọdán sí ojú ọjà àti iwájú ààfin lásán. Ewé tí ó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn jù lọ ni ewé tí ó ṣì wà lórí igi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi ni ibòòji rẹ̀ tó. Bí ẹ bá rí oòrùn tí ń ṣẹ́ tótòtó sílẹ̀ lábẹ́ igi, ewé rẹ̀ kò pọ̀ tó. Ọdán dára, máńgòrò náà dára. Kí ọmọ má sì ṣí fìlà lábẹ́ igi, nítorí pé ìtànṣán díẹ̀ a máa ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, a sì máa ta padà láti orí yanrìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo ní ẹ̀kọ́ kan fún yín tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ dúró sí gbangba, kí ẹ wo òjìji yín. Bí ó bá gùn jù yín lọ, agbára ìtànṣán náà kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá kúrú jù yín lọ, ó ti le, àkókò àti wọ ibòòji ti tó. Láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń le jù. Bí ọmọ àfín bá wà ní kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kí ó dúró sí ibòòji nígbà tí ẹ bá ń tò lówùúrọ̀. Bí ẹ bá ń ṣeré, ẹ gbé eré lọ sábẹ́ igi dípò tí ẹ ó fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Kì í ríran jìnnà, nítorí náà ẹ fún un ní àga iwájú, kò jẹ́ pé ó gọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ jẹ ọmọ àfín níyà, ẹ má ṣe ní kí ó lọ gé koríko lọ́sàn-án. Ìyà tí ẹ fi í jẹ ní wákàtí kan, ara rẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kan ni ó kù, òun ni ó sì wúwo jù. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí egbò kan bá wà ní ojú, ní etè ìsàlẹ̀, ní etí, ní ọrùn tàbí ní ẹ̀yìn ọwọ́ àfín, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá tí kò jiná. Bí ibì kan bá ń pa èépá, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí ohun kan bá ń hù lára bí ìwo, ẹ má ṣe wá ewé mọ́. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tí ó ṣì kéré, dókítà lè gé e kúrò lọ́jọ́ kan náà, kí aláìsàn sì padà sílé. Bí a bá fi ewé bò ó fún oṣù mẹ́fà, gbòǹgbò rẹ̀ a ti wọ ẹran, a ti wọ egungun. Nígbà náà, a ó máa wí pé ewé kò mú un. Àkókò tí ewé jẹ ni ó pa á.

Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ àwọn àfín. Oṣù Kẹfà, àsìkò òjò ni nílẹ̀ wa, ó sì dára fún gbígbin igi. Bí ilé-ìwé yín bá fẹ́ ṣe nǹkan lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ nìkan. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ẹ gbin ọdán kan tàbí máńgòrò kan síbẹ̀, kí ẹ fi ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Ọmọ àfín tí a kò tíì bí ni yóò wá jókòó lábẹ́ rẹ̀.